Ẹ̀yìn Tó Kọ̀ Tí Kò San: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Fífi Eré Ìdárayá Fún Iṣan Lókun

Ọdún mẹ́rin gbáko ni ẹ̀yìn fi dùn mí. Mi ò já bọ́ látorí igi, ọkọ̀ ò gbá mi. Ìbọ̀sẹ̀ kan ló bọ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ẹ̀yìn bá ta mí wáì. Látọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń di ògiri mú kó tó lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, físíò kan, ìyẹn olùtọ́jú tó ń fi eré ìdárayá wo ara, ló fà mí lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi tún ń gbé ẹrù. Ìbéèrè táwọn èèyàn ti ń bi mí láti ìgbà yẹn ni mo kó jọ síbí. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí wọ́n kọ́ mi, ohun tí mo kà àti ohun tí ara mi jẹ́rìí sí ni mo fi dáhùn.

Ìgbà wo gan-an ni ìrora ẹ̀yìn di ọlọ́jọ́ pípẹ́?

Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni mo ń sọ, láti abẹ́ eegun ìhà títí dé ìdí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìrora ẹ̀yìn máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó fìdí kalẹ̀ tí kò fẹ́ lọ lọ̀rọ̀ wa dá lé. Àwọn kan á pè é ní làkúrègbé, àwọn kan á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Orúkọ kọ́ ló ń wò ó. Ẹ ò sì dá nìkan wà. Ní 2020, mílíọ̀nù 619 èèyàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn lágbàáyé, ìṣirò sì fi hàn pé yóò tó mílíọ̀nù 843 ní 2050.

Ta ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá kankan kó tó rí dókítà?

Mo fi èyí ṣáájú torí ibẹ̀ ni ìjáfara ti léwu. Bí ibi tí ẹ fi ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ìyẹn àárín itan àti ojú ara, bá kú tí ẹ ò mọ̀ bí ọwọ́ bá kàn án. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ: ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀ kan náà ni, kódà bó jẹ́ òru. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ló ń tẹ ìdì iṣan ìmọ̀lára tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, iṣẹ́ abẹ kíákíá ló sì ń gba irú rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn: ẹni tí ibà bá ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ rìn, ẹni tó ń rù láìnídìí, ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, ẹni tó ṣubú tàbí tó ní ìjàǹbá, ẹni tó ti ń lo oògùn sítẹ́rọ́ìdì tipẹ́ tàbí tí eegun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, àti ẹni tí ìrora ń jí lóru tí kò sí bó ṣe lè sùn tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí irú wọn lọ rí dókítà ná.

Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní nǹkan kan ò ṣẹ́. Ṣé mò ń dọ́gbọ́n sí ìrora yìí ni?

Rárá, ìrora gidi ni. Nínú èèyàn 10 tí ẹ̀yìn ń dùn, bíi 9 ni kò ní eegun tó kán, kókó, tàbí ohun pàtó kan tí a lè nàka sí pé òun ló fà á. Ohun méjì ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Èkíní, iṣan ìmọ̀lára ti di aláṣejù. Ẹ wo ajá tí olè ti fi igi lù rí: ewé já bọ́, á gbó, onílé ṣílẹ̀kùn, á gbó. Irọ́ kọ́ ló ń pa, ẹ̀rù ló ń bà á.

Èkejì ni iṣan tó di ọ̀pá ẹ̀yìn mú. Àwọn iṣan kéékèèké kan wà tó so eegun ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn tó wà lókè rẹ̀. Multifidus làwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Bí ẹ̀yìn bá dùn, wọ́n máa ń joro. Ní 1996, Julie Hides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ẹ̀yìn dùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìrora lọ, ṣùgbọ́n iṣan náà kò padà sí bó ṣe wà. Àwọn tí wọ́n fún ní eré ìdárayá tó kan iṣan náà gan-an ni tiwọn padà bọ̀ sípò. Ohun tó jọ ọ́ máa ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ń lọ gbé inú òfurufú: níbi tí ara ò ti wúwo rárá, bí oṣù mélòó kan bá kọjá, iṣan ẹ̀yìn wọn á ti fọn.

Ẹ wá pa méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yìn dùn, ẹ̀rù bà wá, a ò lò ó mọ́, ó rọ, ohun tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ wá di ẹrù fún un, ó tún dùn. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn eré ìdárayá ju gbogbo ìtọ́jú mìíràn lọ ni pé ibi méjì ló ti ń já okùn yìí. Ó ń fún iṣan lókun, ó sì ń jẹ́ kí ajá yẹn rí i pé ewé lásán ni.

Àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI yà fún mi fi hàn pé tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn mi ti gbó. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Dókítà kan gbé fọ́tò ẹ̀yìn mi sójú iná, ó fi bírò tọ́ ibì kan tó dúdú, ó ní, "Ẹ̀yìn ẹni ọgọ́rin ọdún lẹ ní yìí." Ẹni ọdún 38 ni mí nígbà yẹn. Oṣù mẹ́fà ni mo fi rìn bí ẹni ru ẹyin. Ká ní ó sọ ìyókù fún mi lọ́jọ́ náà ni, mi ò bá má ṣòfò àsìkò tó bẹ́ẹ̀.

Ìyókù rèé. Ní 2015, àwọn oníwádìí kó ìwádìí 33 pọ̀, tó kan èèyàn 3,110 tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Láàárín àwọn ẹni 20 ọdún, tìmùtìmù ti ń gbó lára ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Láàárín àwọn ẹni 80 ọdún, ó di 96. Tìmùtìmù tó wú jáde ńkọ́? Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ni 20 ọdún, 84 lẹ́ni 80 ọdún. Wọn ò sì mọ ìrora kankan lára o! Bí ewú orí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ rí.

Mi ò sọ pé àwòrán ò wúlò. Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá orúnkún, tí ẹsẹ̀ ń kú tàbí tó ń rọ, ó ṣeé ṣe kí àwòrán àti ara jọ máa sọ ohun kan náà, dókítà ni kó sì tò wọ́n pọ̀. Kódà nígbà yẹn, tìmùtìmù tó bẹ́ jáde máa ń sún kì padà fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ṣé kí n kọ́kọ́ sinmi títí yóò fi san ná?

Bó bá le gan-an, ọjọ́ kan tàbí méjì, ó parí. Ní 1986, Richard Deyo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn aláìsàn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 2, káwọn mìíràn dùbúlẹ̀ fún 7. Àwọn ọlọ́jọ́ méjì kò pa iṣẹ́ jẹ tó àwọn ọlọ́jọ́ méje, ara wọn kò sì burú ju ti àwọn yẹn lọ. Èyí tó ti di bárakú ò tiẹ̀ fẹ́ dídùbúlẹ̀ rárá.

Ẹ̀rí wo ló wà pé eré ìdárayá ń ṣiṣẹ́?

Àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, gbé àyẹ̀wò kan jáde ní 2021 lórí ìwádìí 249. Lórí òṣùwọ̀n ìrora tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé 100, àwọn tó ṣe eré ìdárayá fi nǹkan bíi 15 sàn ju àwọn tí kò ṣe é. Kì í ṣe idán, ẹ̀yin náà rí i. Ẹni tí tirẹ̀ ì bá wà ní 60 lè bá ara rẹ̀ ní 45. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀yìn ti dùn fún ọdún mẹ́rin mọ ohun tí 15 yẹn túmọ̀ sí: òun ni ìyàtọ̀ láàárín kéèyàn fúnra rẹ̀ wọ bàtà àti kó pe ọmọ kó wá bá òun wọ̀ ọ́. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní December 2023 náà fi eré ìdárayá sára ohun tó dámọ̀ràn.

Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Nílẹ̀, láìsí irinṣẹ́ kankan. Físíò mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta tí Stuart McGill, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà, sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó sì fi ẹ̀kẹrin kún un.

Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún kan, ẹ na ẹsẹ̀ kejì. Ẹ ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìbàdí níbi tí ẹ̀yìn ti ṣe kòtò, kí kòtò náà má bàa tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ mú ikùn le bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níkùn, kí ẹ wá gbé orí àti èjìká kúrò nílẹ̀ bín-ín-tín. Ẹ kà dé 8 tàbí 10, ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ẹ má jókòó dìde o, ìyẹn kọ́ la ń ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀ lábẹ́ èjìká gan-an, ẹ ká orúnkún méjèèjì sẹ́yìn, ẹ gbé ìbàdí sókè kí ara gún láti orí dé orúnkún. Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá ti rọrùn, ẹ na ẹsẹ̀, kó jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ló kù nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo kórìíra jù, òun náà ló sì wúlò fún mi jù. Ẹ wà lórí ọwọ́ àti orúnkún bí ọmọ tó ń rá. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú àti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìbàdí má yẹ̀. Físíò mi gbé ife omi kan lé mi níbàdí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi ti tú sí mi lẹ́yìn kí n tó kà dé mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bu òmíràn. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ife yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró títí mo fi kà dé mẹ́wàá, àfi bíi pé mo gba ipò kìíní níléèwé.

Ẹ̀kẹrin: ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún méjèèjì, ẹ fún ìdí pọ̀, ẹ gbé e sókè títí ara yóò fi gún láti èjìká dé orúnkún. Ìdí ni iṣan tó tóbi jù lára wa wà. Bó bá ń sùn, ẹ̀yìn ni yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe dúró sórí èyíkéyìí ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ sinmi, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ sinmi, kí ẹ parí pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ máa mí o. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń sé èémí mọ́nú láìmọ̀. Kò sì yẹ kó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń jí lẹ ó máa tẹ̀ síwájú tẹ̀ sẹ́yìn. Lóru, tìmùtìmù àárín eegun máa ń fa omi mu, ìdí nìyẹn téèyàn fi máa ń ga díẹ̀ láàárọ̀. Ó máa ń le nígbà náà bíi kànìnkànìn tó rin gbingbin, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ dìde.

Bó bá ń dùn mí nígbà tí mò ń ṣe é ńkọ́?

Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, kì í ṣe nínú eré ìdárayá fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìrora sórí òṣùwọ̀n 10. Bí kò bá kọjá 3 tàbí 4, tó sì ti rọlẹ̀ kó tó di àsìkò kan náà lọ́jọ́ kejì, ẹ máa bá a lọ, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín iye rẹ̀ kù. Dín kù ni mo wí, mi ò ní kẹ́ ẹ jáwọ́. Àmọ́ bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ lọ́nà tí kò ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ dúró, ẹ lọ rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀tá tó burú jù ni ọjọ́ tí ara bá yá. Nínú oṣù kejì mi, mo jí lọ́jọ́ kan, kò sí ìrora kankan. Inú mi dùn débi pé mo fọ gbogbo ilẹ̀ ilé, mo tún ti kọ́bọ́ọ̀dù láti yàrá kan sí èkejì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò lè wọ ṣòkòtò fúnra mi. Físíò ò bá mi wí, ó kàn fún mi ní ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, ó ní kí n máa kọ iye tí mo fẹ́ ṣe sílẹ̀ láti òru ọjọ́ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ tí ara bá yá, n kò gbọdọ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Lọ́jọ́ tí kò bá yá, kí n ṣe ìdajì, àmọ́ kí n ṣe é. Ìwé náà ló ń pàṣẹ, kì í ṣe ìrora, kì í sì í ṣe ayọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí ọ̀sẹ̀ kan bá lọ ní ìrọ̀rùn, ẹ fi ẹyọ kan tàbí méjì kún un, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kéré. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa lo iṣan tó wà nílẹ̀. Iṣan fúnra rẹ̀ kì í nípọn tó ohun tí ojú lè rí kó tó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ sì má fi ìrora nìkan díwọ̀n rẹ̀, òun ló máa ń kẹ́yìn lọ. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ máa wò. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí bákan náà, ṣùgbọ́n mo ṣàdédé rí i pé mo ti so okùn bàtà mi láìkọ́kọ́ ronú bí mo ṣe máa ṣe é.

Ìgbà wo ni mo lè tún gbé nǹkan wúwo?

Ṣáájú ìgbà tí ẹ rò. Ẹ̀yìn tí a ò jẹ́ kó gbé nǹkan kan kò ní lágbára láé. Bí ohun tí ẹ ń ṣe nílẹ̀ bá ti rọrùn, ẹ kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀ láti ìbàdí. Ẹ mú igi ìgbálẹ̀ gígùn, ẹ gbé e sẹ́yìn kó kan orí, àárín èjìká àti ìdí. Ẹ dẹ orúnkún díẹ̀, ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ fìdí ti ilẹ̀kùn pa, kí igi náà má kúrò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá ti mọ́ yín lára, ẹ gbé báàgì tí ìwé kún inú rẹ̀ tó wúwo tó kílò 5. Lẹ́yìn náà, 7. Lẹ́yìn náà, 10. Ẹ jẹ́ kí ẹrù sún mọ́ ara, ẹ mú ikùn le, ẹ fi ìdí àti itan dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó. Ọjọ́ àárín wọn ni iṣan fi ń kọ́ ara rẹ̀.

Bẹ́líìtì ẹ̀yìn ńkọ́? Oògùn? Ifọwọ́ra?

WHO ò dámọ̀ràn bẹ́líìtì fún ìrora ẹ̀yìn ọlọ́jọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí oògùn ìrora tó jẹ́ ìdílé mọfíìnì. Oògùn ìrora mìíràn tí dókítà kọ fún yín lè mú ara fúyẹ́ kẹ́ ẹ lè ráyè ṣe eré ìdárayá. Ifọwọ́ra dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i kó fún iṣan mi lókun.

Ṣé ìjókòó burúkú ló fà á?

Kò sí ìjókòó kan tó jẹ́ òun ló tọ̀nà. Èyí tó pẹ́ jù ló burú. Ẹ máa dìde ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, kódà bó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ yọjú lójú fèrèsé ni.

Ibùsùn wo ló dára?

Kì í ṣe èyí tó le koránkorán bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sípéènì, tó jáde ní 2003, fi hàn pé èyí tó le níwọ̀nba ló dára jù. Bí ẹ bá ń fẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún.

N kò fẹ́ràn eré ìdárayá. Ṣé kí n kàn máa rìn?

Rírìn dára gan-an. Ìwádìí kan jáde ní Ọsirélíà ní 2024 lórí èèyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Wọ́n fún ìdajì wọn ní ètò rírìn, pẹ̀lú físíò tó ń tọ́ wọn sọ́nà, títí wọ́n fi lè máa rìn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Kí ìrora tó padà dé, ó gba àwọn tó ń rìn ní ọjọ́ 208 lágbedeméjì. Àwọn tí kò sí nínú ètò náà, ọjọ́ 112. Tó bá jẹ́ rírìn nìkan lẹ máa ṣe, ẹ rìn. Tèmi ni pé mo ń ṣe méjèèjì, torí rírìn ò kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé korobá omi.

Bó bá tún padà wá ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe kó padà wá. Ó ti padà wá bá mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí tó kẹ́yìn, mò ń yọ ẹrù nínú búùtù ọkọ̀, ó tún ta mí wáì bíi ti ọjọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Mo dúró, mo mí, mo rọra rìn káàkiri ilé. Lálẹ́, mo mú ìwé ìkọ̀wé kékeré yẹn, mo wo iye tí mò ń ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo padà sí iye tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ọdún mẹ́rin ló gbà mí.